Ìlà Tí Olúsọjí Fi Jẹ́rìí

Bí Olúsọjí bá dúró ti pátákó ìkọ̀wé, ó dìgbà tó bá lanu sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ kíláàsì tó mọ èwo ni tíṣà, èwo ni ṣọ́ọ̀kì. Ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìjì kan gbé e rí láti ẹnu ọ̀nà iléèwé dé ìdí igi máńgòrò, àwọn ìwé tó kó mọ́ra ni wọ́n ní ó wúwo tí ìjì náà fi jù ú sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa ará Òkè-Ìyanrìn, àdúgbò tó wà lẹ́yìn Igbotako níhà odò, kò gbà pé ebi ló ń pa á. Púpùrù, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń gbé kalẹ̀ fún un, ọmọ kékeré lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìrònú la ní ó ń jẹ púpùrù náà kó tó dé ikùn.

Ọdún 1964 ló dé láti yunifásítì ní Ìbàdàn pẹ̀lú dìgírì nínú ìṣirò, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ tíṣà ní iléèwé gíga kan. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n dìgírì tó kù, èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn ní dókítà tí kò mọ abẹ́rẹ́ gún, kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn, òyìnbó kan tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá rí ìlà tó ń wá, kó mú un wá, àwọn yóò fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Olúsọjí ṣe di ẹni tó ń wá ìlà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ilẹ̀, wọ́n ń wá mọ́tò, wọ́n ń wá aya kejì. Òun ń wá ìlà.

Ìdí kòtò epo ìyá rẹ̀ ni àìsàn wíwá ìlà yìí ti mú un. Aníwúrà ni orúkọ ìyá yìí, opó tó fi epo pupa rán ọmọ kan ṣoṣo níwèé. Àwọn obìnrin a tẹ ẹyìn nínú kòtò, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á máa fi ọwọ́ àti igi rú u títí ìhó pupa yóò fi léfòó tí wọ́n á máa gbọ́n ọn. Ọmọ mìíràn a máa wo epo, kí wọ́n lè fún un lá. Ìhó ni Olúsọjí ń wò. Ó rí i pé ìhó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó ń tọ̀, pé ọ̀nà wọn kì í dábùú ara wọn, àti pé bó ti wù kí ìyá rẹ̀ rú omi náà tó, ibì kan máa ń wà láàárín tí kì í lọ síbì kankan. Ìdọ̀tí tó bá dé ibẹ̀ á dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà lọ́jà.

Nígbà tó dàgbà, yunifásítì kọ́ ọ ní orúkọ ńlá ńlá fún nǹkan wọ̀nyí. Òun náà wá fún wọn ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ lè pè. Ibi tí omi kò ti mọ ibi tó ń lọ ló pè ní ojú ìdúró. Èyí tó ń wá gan-an ló pè ní ìlà àìkọjá. Ìyẹn ni ìlà tó jẹ́ pé ìhó tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ kò ní yà kúrò lórí rẹ̀ títí ayé, èyí tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní lè dá a kọjá; kò sì gbọdọ̀ máa rìn gbéregbère, ó gbọdọ̀ pa dé, kí ènìyàn lè fi ìṣirò kúkúrú kan kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Omi tirẹ̀ kì í ṣe ti kòtò o. Orí pápá kan ló ti ń ṣàn, pápá inú ìṣirò, tí wọ́n rán ibi tí ìrìran pin sí mọ́ létí. Ẹ ti rí i bí ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní ìlà ìlà nínú oko ńlá ṣe máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń lọ pàdé ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Lórí pápá Olúsọjí, wọ́n pàdé lóòótọ́. Apá kan nínú nọ́ńbà tó ń lò kò sì ṣeé fi ìka kà, àfinúrò ni. Bí ó bá ń ṣàlàyé rẹ̀, orí ẹni a máa wú títí fìlà yóò fi fún ènìyàn.

Ìyàwó rẹ̀ ni Mọ̀dínátù, ọmọ Alfa Tìjání tó ń ta aṣọ. Ìyá ọkọ jẹ́ Aládùúrà paraku, ìyàwó ń kírun. Ilé náà ni ìlà kan ṣoṣo ti ń gba àdúrà lọ́nà méjì, tí kò sì yọjú.

Ó yọjú ní ọdún 1967. Olúsọjí mú ọ̀kan nínú àwọn ojú ìdúró rẹ̀, ó rí ìlà tó ń tibẹ̀ jáde lọ sókè, ó tún rí èyí tó ń tibẹ̀ jáde lọ sísàlẹ̀. Ó tẹ̀ lé ti òkè, ó rí i pé ó ń ṣẹ́rí padà. Ó tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀, òun náà ń ṣẹ́rí padà. Ó ní kí ni wọ́n tún lè jẹ́ bí kì í bá ṣe ìlà kan náà tó lọ yípo tó padà wálé. Kò dúró wo bí orí àti ìdí rẹ̀ ṣe so mọ́ra wọn. Ọkùnrin tó ti ń wá nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó wá rí ìrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kì í béèrè bóyá orí wà níbẹ̀.

Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí epo, ó ní òun ti rí i. Aníwúrà kò béèrè pé báwo. Ó fọ ọwọ́, ó sì lọ so ewúrẹ́.

Nínú ìjọ Aládùúrà ti àdúgbò wa, ẹni tó bá rí ohun tó ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́rìí rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá fi pamọ́, nǹkan náà lè padà síbi tó ti wá. Nígbà tí ìjọ bá sì ti hó ìhó ayọ̀ lé ẹ̀rí lórí, tí wọ́n ti jẹ ewúrẹ́ ìdúpẹ́, ẹ̀rí náà ti di ti gbogbo ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò gbà á padà rí. Obìnrin kan jẹ́rìí pé òun lóyún, ọdún kọjá kò bí, síbẹ̀ ìjọ ṣì ń kí i pé ẹ kú ìnira. Olúsọjí bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun tún ìṣirò náà yẹ̀ wò ná. Ìyá ní ewúrẹ́ kò mọ ìṣirò, ó ti wà ní ìdè.

Ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú sùtánà funfun tó fẹ̀ jù ú lọ bí àgọ́, láìwọ bàtà bí gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Mo rí ìlà kan tí ohunkóhun kò lè kọjá." Ó fẹ́ máa bá a lọ pé nínú ìṣirò báyìí báyìí ni. Agogo ti dún, ìlù ti gba ilé, àwọn obìnrin ti ń jó dé ẹnu pẹpẹ. Bàbá Àkànmú, aṣáájú ìjọ náà, tí ohùn rẹ̀ lè mú ìbẹ́pẹ pọ́n lórí igi, dá orin dúró, ó bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe ìlà náà. Olúsọjí dáhùn tọkàntọkàn pé apá kan rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí ojú kò lè rí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìjọ náà jó débi pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rì sí i ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà.

Nínú òjò oṣù kẹjọ ọdún náà ni ogun abẹ́lé wá sún mọ́ wa. Rédíò ń sọ tirẹ̀, àwọn awakọ̀ ń sọ tiwọn. Wọ́n ní ṣójà ti dé Ọ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọ́n jẹ́ ọkọ̀ díẹ̀, nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé ọjà Òkìtìpupa wọ́n ti bo ojú ọ̀nà, nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ga bí ọ̀pẹ, wọ́n sì ń jẹ gaàrí láìbu omi sí i. A lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ní ará oko ní Iyansan, lódìkejì odò, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ẹ̀gbọ́n Mọ̀dínátù ní ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi òun yóò gbé gbogbo ilé kọjá odò, àti Aníwúrà pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn ìyẹn òun kò tún padà wá mọ́.

Aníwúrà ní kí ni òun ń sá fún. Ṣé ọmọ òun kò ti rí ìlà ni?

Ohun tí òun náà ń rò ni Bàbá Àkànmú ń rò. Ó pe ìjọ jọ, ó ní kí wọ́n kó iyanrìn funfun láti etí odò, kí wọ́n fi ya ìlà Dókítà yí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ilé ká. Wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ àánú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dùbúlẹ̀ gba àdúrà, iyanrìn funfun àti màrìwò ni wọ́n fi yí i ká, ibi kankan kò sì wọ ibẹ̀ rí. Ti Dókítà kàn tóbi jù ú lọ ni.

Olúsọjí lọ bá a. Ó ní, "Bàbá, ìhó ni ìlà yẹn ń dá dúró. Kì í dá ṣójà dúró."

Bàbá Àkànmú bojú wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Dókítà, ta ló dá ìhó?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

"Ta ló dá ṣójà?"

Dìgírì Olúsọjí kò dé ibẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn. Wọ́n ti da àwòrán rẹ̀ kọ láti ara pátákó iléèwé. Kíá ni oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlà náà síbi tó wù ú. Ẹni tí ilé ìdáná rẹ̀ ṣẹ́kù síta fà á síta. Ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà fà á wọlé kí tọ̀hún lè wà níta. Ilé Alfa Tìjání wà níta pátápátá. Wọ́n ní bó bá fẹ́ wọlé, kó wá gba ìrìbọmi. Alfa jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ó ní, "Ọta ìbọn náà ńkọ́, ẹ ti rì í bọmi?"

Ibẹ̀ ni Olúsọjí ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ó ń kọjá lọ, ó rí bí wọ́n ṣe tẹ ìlà náà lẹ́bàá ilé oníkẹ̀kẹ́, ojú ro ó. Olúsọjí kò lè fara dà á. Ó ká sòkòtò sókè, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá iyanrìn náà jọ, ó sì tún un tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní, "Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ báyìí, ó gbọdọ̀ yí wọ́ọ́rọ́." Ó tún ti ibòmíràn ṣe. Gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹni tó ń di ẹrù lọ sí Iyansan tú ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ló ń tún ṣe?

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn. Ìdí kànga tó wà níwájú ilé ìyá rẹ̀ ni ó fi ṣe ojú ìdúró tí ìlà náà ti jáde. Wọ́n gbéra láti ibẹ̀, àwọn obìnrin ń kọrin tẹ̀ lé e, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń sọ ibi tí wọ́n máa kọrí sí. Wọ́n yí gbogbo àdúgbò po, wọ́n padà dé. Ìlà náà kò wọ ìdí kànga. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni tí kò mọ onílé.

Ó ní iyanrìn ni wọn kò dà dáadáa. Wọ́n gbá a, wọ́n tún un yà. Ó tún gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Wọ́n jẹ́ kó máa lọ, ó yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jìnnà sí kànga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń ká bí ìkarahun ìgbín. Bàbá Àkànmú kò bẹ̀rù rárá. Ó mú garawa iyanrìn, ó dà á tààrà láti ibi tí ìlà dé títí dé ìdí kànga, ó ní àlàfo náà ti dí, kí wọ́n kọrin.

Olúsọjí kò kọrin. Ojú rẹ̀ wà lára iyanrìn tí Bàbá dà. Ohun tí òun náà ṣe nínú ìṣirò gan-an nìyẹn. Ó rí ìlà méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ó da iyanrìn sí àárín, ó ní wọ́n ti di ọ̀kan.

Ó wọlé, ó kó ìwé rẹ̀ jáde. Ojú ìdúró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó ń sọ bí àwọn ìlà ṣe ń lọ́ ní àyíká rẹ̀. Bí ìlà náà bá pa dé lóòótọ́, nígbà tí ènìyàn bá ro àwọn nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ pọ̀, wọ́n gbọdọ̀ di odindi. Ó rò wọ́n. Wọn kò di odindi. Ó pa á rẹ́, ó tún un rò. Mọ̀dínátù gbé oúnjẹ wá, ó bá a tó tún ń rò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Kò sí ìlà kankan."

Mọ̀dínátù ní, "Ẹ lọ sọ fún Màmá kí ọkọ̀ tó lọ."

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun kò ní jẹ́ dókítà, òun yóò sì di ẹlẹ́rìí èké níwájú àwọn tó jẹ ewúrẹ́ òun. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́, ìyá òun yóò jókòó sínú iyanrìn títí ogun yóò fi bá a. Ó fẹ́rẹ̀ má mọ èwo ló burú jù. Ìtìjú a máa ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí, ó dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ gba ẹ̀rí mi padà."

Ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún dákẹ́. Àbẹ́là tó ń jó lórí pẹpẹ fẹ́rẹ̀ kú.

Bàbá Àkànmú rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Dókítà, a ti jẹ ewúrẹ́ ẹ̀rí yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ṣé yóò padà wá ké?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olúsọjí kò dúró. Ó sọ fún wọn pé ìlà náà kò pa dé, pé òun ló ṣì í rò. Ó ní bó tilẹ̀ pa dé, lórí pápá yẹn kò sí ìlà irú rẹ̀ tí kò ní ní ojú ìdúró kan lára, ó kéré tán. Níbi ojú ìdúró sì ni àwọn ìlà yòókù ti ń wá pàdé rẹ̀ láti ibi gbogbo, kò lè dá wọn dúró níbẹ̀. Ó ní, "Kò sí èyí tí kò ní ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Aníwúrà dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ. Ó ní, "Sọjí, níbo ni ihò náà wà?"

Inú Olúsọjí dùn. Ó rò pé ìyá òun ti ń lóye. Ó dáhùn kíá pé, "Ìdí kànga yín ni, Màmá. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa."

Ìyá náà tún gèlè funfun rẹ̀ wé, ó jáde. Ó wọ ilé, ó gbé àpótí ìjókòó, ó mú igi tó fi ń rú epo, ó lọ jókòó sí ìdí kànga, ní ojú ìdúró gan-an, ó gbé igi náà ká orí itan. Ó ní, "Ihò tí mo bá jókòó sí, kí n rí ẹni tí yóò gba ibẹ̀ kọjá."

Ìjọ hó yèè. Ìṣòro ìṣirò tí Ìbàdàn kò lè yanjú, opó elépo ti fi ìdí dí i.

Olúsọjí kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wẹ́ wẹ́. Ìró kan dún láti apá ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ààrá ni, àwọn kan kò sọ ohun tí wọ́n rò. Ó bẹ ìyá rẹ̀, ó pe oríkì rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ti ń dúró létí odò, ó ní kó bínú sí òun bó ṣe fẹ́ tí wọ́n bá ti kọjá odò tán. Nígbà tí Aníwúrà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ ní láti tẹ́tí.

Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bi mí pé kí ni ọmọ mi ń ṣe tí kò fi kọ́lé, mo ní ó ń wá ìlà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o rí i, mo fi ẹnu yìí dúpẹ́ lójú gbogbo wọn. Bí mo bá dìde níbí, Sọjí, ibo ni kí n gbé ẹnu náà sí?"

Olúsọjí di etí àpótí náà mú.

Mọ̀dínátù ló dé láti etí odò, ó pọn Àrìnkẹ́ ọmọ wọn, ó wá wo ohun tó ń dá wọn dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí, ó wo ìjọ tó dúró yí wọn ká. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó mú ìgbálẹ̀ wá, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Àrìnkẹ́, ẹ ti fi ẹnu sọ ọ́, wọn ò gbọ́. Ọwọ́ yín ni wọ́n rí tó ń tún un ṣe. Ọwọ́ yín náà ni kó gbá a."

Ó gba ìgbálẹ̀ náà. Iyanrìn ti tutù, kò fẹ́ kúrò nílẹ̀, ó ń gbá a, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u ká. Ariwo tó ta, Igbotako gbọ́ ọ, bóyá Òkìtìpupa pàápàá. Ẹnì kan fi agogo àdúrà lù ú léjìká. Obìnrin tó jẹ́rìí oyún tí kò bí bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá Àkànmú gbé ọwọ́ sókè, ó ní láti òní lọ, kí Olúsọjí má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pẹ̀lú bàtà tàbí láìsí bàtà. Olúsọjí ń gbá ilẹ̀. Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ilé oníkẹ̀kẹ́, níbi tó ti tún un tẹ̀ tó yí wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti sunkún, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ta ni yóò búra sí i?

Nígbà tó padà dé ìdí kànga, kò sí ìlà mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì jókòó, ó ń ṣọ́ ihò tí kò sí lára nǹkan kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí, ó lọ sí etí odò, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé Aníwúrà ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, wọ́n ń ṣépè fún Olúsọjí bí wọ́n ṣe ń dì í. Bàbá Àkànmú ló lọ kẹ́yìn. Alfa Tìjání yẹra fún un nínú ọkọ̀, ó ní kó jókòó síbí, ibí náà kò béèrè ìrìbọmi, omi ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wà ní oko Iyansan títí ìlú fi rọlẹ̀. Ẹ̀fọn jẹ wọ́n, wọ́n sùn bí ẹja nínú agbọ̀n, wọ́n sì padà wálé. Ṣójà kankan kò wọ Òkè-Ìyanrìn. Ọkọ̀ wọn gba ojú ọ̀nà ńlá lọ, ó gba ibẹ̀ padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀gẹ́, òjò ti wó ilé ìdáná méjì mẹ́ta, ẹnì kan sì ti jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Kíá ni gbogbo wa mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìlà náà ì bá ti dá wọn dúró. Àní, ó dá wọn dúró, ìwọ̀nba èyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kò rí gbá ló lé ṣójà lọ. Olúsọjí ló lé wa wọ inú ẹ̀fọn lásán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ títí di òní, ẹni tó bá sì jiyàn, wọn á bi í bóyá ó rí ṣójà kan nílé rẹ̀.

Ó kọ̀wé sí Ìbàdàn pé àṣìṣe ni. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀, lọ́nà mìíràn. Nígbà tó fi máa di 1971, ó ti fi ìṣirò hàn gbangba pé omi tirẹ̀ yìí kò ní ìlà àìkọjá kankan tó pa dé, kò ní, kò sì lè ní. Ó ní èyí lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ọ̀gá onímú ti padà sí ìlú rẹ̀, ẹni tó gbapò rẹ̀ dáhùn pé àwọn yóò wò ó. Wọ́n ṣì ń wò ó. Ní àdúgbò, wọ́n ní ọkùnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ wá ìlà kan tún ti fi èyí tó kù nínú rẹ̀ wá bí kò ṣe ní sí.

Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń fi epo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ Mọ̀dínátù, ó ń ro púpùrù fún un, ó ń gbé e kalẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá pe ẹ̀rí, ó ń dìde dúpẹ́ fún epo, fún ọmọ-ọmọ, fún orúnkún rẹ̀ tí kò dùn ún mọ́. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Olúsọjí máa ń dúró síta lójú ọ̀nà, níbi tí wọn kò ti lè lé e, ó ń gbọ́. Ó tún gbẹ sí i. A kò mọ̀ pé ó ṣì ṣeé ṣe.

Ní ọdún 1972, ìrora orúnkún náà padà, ó mú Aníwúrà mọ́lẹ̀ nílé. Olúsọjí lọ wò ó ní ọ̀sán kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró. Iyanrìn funfun wà nílẹ̀, ó yí ẹní ìyá rẹ̀ ká, ó yí wọ́ọ́rọ́, kò ṣẹ́ kọ́rọ́ níbì kankan. Ẹni tó yà á ti wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Olúsọjí wo ìlà náà yípo. Ó fẹ́ sọ pé kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀, pé òun ti fi hàn. Kò mọ bí òun yóò ṣe kọjá sí i láìtẹ̀ ẹ́, ìgbálẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rí i.

Ìyá rẹ̀ ti la ojú, ó ń wò ó. Ó jẹ́ kó dúró síbẹ̀ pẹ́ títí, bóyá kó lè jìyà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé igi ìrúpo rẹ̀, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí orí rẹ̀ wà. Àlàfo wà lára ìlà náà níbẹ̀, ó tó kí ènìyàn kan tó gbẹ gba ibẹ̀ wọlé.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo sọ pé gbogbo wọn ló ní ihò. Gba ibẹ̀ wá."